Kétu, 1886: Ta Ló Yẹ Kó Bẹ̀bẹ̀?

Akaba Ìdènà, ẹnubodè tí ìlú fi ń dá ọ̀tá dúró, ṣì wà títí dòní. Ní 1883, ogun Glèlè ọba Dàhòmì wọ Kétu, wọ́n sì pa Alákétu Òjékú. Ní 1886 wọ́n tún padà wá, wọ́n dó ti ìlú títí ebi fi mú un. Nígbà tó bọ́ sí wọn lọ́wọ́, wọ́n dáná sun ún, wọ́n kó àwọn tó kù lẹ́rú lọ. Kétu di ahoro.

Òótọ́ ni pé ogun ní ọrọ̀ àti ẹrú nínú. Ṣùgbọ́n ìyá arúgbó tí wọ́n fà jáde nínú ilé rẹ̀ kò jẹ Glèlè ní gbèsè kankan. Ará Kétu ni. Ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní oṣù kọkànlá 1892, àwọn ọmọ ogun Faransé tí Dodds ṣáájú wọ Àgbómẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni àwọn ẹrú Kétu rí ọ̀nà ilé, nígbà tó sì di 1894 ìlú tún ní Alákétu. Ayọ̀ ńlá ni. Àmọ́ ẹ wò ó dáadáa: àjèjì ló tú wọn sílẹ̀, kì í ṣe ẹni tó dè wọ́n. (Àjèjì náà kò sì ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́, ó gba ilẹ̀ Kétu àti ti Àgbómẹ̀ pọ̀.)

Àwọn àgbà kì í parí ẹjọ́ báyẹn. Ẹni tó ṣẹ̀ á dúró níwájú ẹni tó ṣẹ̀, á jẹ́wọ́, á bẹ̀bẹ̀, á sì tún ohun tó bàjẹ́ ṣe. Ẹ̀fẹ̀ pàápàá, nínú Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tí UNESCO bu ọlá fún ní 2001, lójú gbogbo ìlú ló ti ń kọ ìwà burúkú lórin. Irú ọ̀nà yìí ni Desmond Tutu àti ìgbìmọ̀ rẹ̀ gbìyànjú ní Gúúsù Áfríkà láti 1996: ẹni tí wọ́n pa ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀, apààyàn gbọ́.

Ní 1999, Ààrẹ Kérékou kúnlẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Baltimore, ó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ àwọn ọmọ ẹrú nítorí ipa tí àwọn ọba ilẹ̀ yìí kó nínú òwò náà. Ní oṣù kejìlá ọdún kan náà, ìpàdé ìlàjà wáyé ní Kutọnú. Ó dára bẹ́ẹ̀, nítorí àwọn ọmọ Kétu wà lókè òkun: ní Salvador, ní Bàhíà, ilé òrìṣà kan ń jẹ́ Alákétu títí dòní. Ṣùgbọ́n ẹ̀bẹ̀ tó ti sọdá òkun kò gbọdọ̀ fo aládùúgbò.

Ọmọ Fọ̀n tó ń kàwé ní Kétu lónìí kò dáná sun ilé ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá ń fi 1886 bú u ń dá ìkórìíra mìíràn sílẹ̀ ni. Ohun tó kù jẹ́ ti ààfin sí ààfin. Bí àwọn ìjòyè, mẹ́ẹ̀rì àti ìgbìmọ̀ ọdún bá fohùn ṣọ̀kan, ibi ìjókòó kò jìnnà: iwájú Akaba Ìdènà. Kí wọ́n ka ohun tó ṣẹlẹ̀ sókè níbẹ̀, kí aṣojú Àgbómẹ̀ gbọ́, kí ó fèsì. Kí wọ́n sì bi àwọn ìdílé tó pàdánù ènìyàn léèrè ohun tí wọ́n ń fẹ́: bóyá orúkọ lára ògiri, bóyá ẹ̀kọ́ kan náà nínú ilé-ìwé Kétu àti ti Àgbómẹ̀.