Ìdínkù Eré Lójijì: Ìrírí John Paul Stapp ní 1954

Ìṣirò tí a fi ń mọ bí eré ṣe ń dínkù ti pẹ́ láyé. Ní nǹkan bí ọdún 1335 ni William Heytesbury ti Kọ́lẹ́ẹ̀jì Merton ní Oxford ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé bí eré bá ń pọ̀ sí i tàbí tí ó ń dínkù ní ìwọ̀n kan náà, ìdajì àròpọ̀ eré ìbẹ̀rẹ̀ àti ti ìparí ni a ó fi mọ bí ọ̀nà ṣe jìn tó. Galileo lo òye yìí nínú ìwé rẹ̀ ti 1638. Ara ènìyàn ẹlẹ́ran-ara ni Stapp, dókítà ọmọ-ogun òfurufú Amẹ́ríkà, dán an wò sí. (Bahia ni a bí i sí ní 1910, ọmọ ajíhìnrere, ìlú tí àwọn ọmọ Yorùbá kò ṣàjèjì sí.)

Ní ọjọ́ 10, oṣù Kejìlá, 1954, ní ibùdó Holloman ní New Mexico, wọ́n dè é mọ́ ìjókòó ọkọ̀ kan tí rọ́kẹ́ẹ̀tì ń tì lórí irin. Eré rẹ̀ dé kìlómítà 1,017 ní wákàtí kan, ó sì dúró láàárín ìṣẹ́jú-àáyá 1.4. “Lójijì” ni èdè wa yóò pè é. Ìṣirò ń fẹ́ iye. Eré náà tó mítà 282 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bí a bá fi 1.4 pín in, mítà 201 ni ó ń fi dínkù ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan, èyí tí ó tó ìlọ́po 20 ohun tí òòfà ilẹ̀ ń fi kún eré ohun tí ó ń já bọ́. Ìdajì 282 ni 141. Bí a bá sọ ọ́ di púpọ̀ ní ọ̀nà 1.4, mítà 197 ni ó rìn kí ó tó dúró.

Ṣùgbọ́n ìlọ́po 46.2 ni ẹ̀rọ kọ sílẹ̀ níbi tí ó ti le jù! Ìṣirò kò purọ́. Omi ni wọ́n fi dá ọkọ̀ náà dúró, kò sì fà á ní ìwọ̀n kan náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, bẹ́ẹ̀ ìwọ̀n kan náà ni òfin Merton gbára lé. Ibi tí ó le jù ni ara ń rántí: ojú Stapp kún fún ẹ̀jẹ̀, kò ríran fún ìgbà díẹ̀.

Láti 1955 ni ó ti ń pe àwọn onímọ̀ jọ lórí ìjàm̀bá ọkọ̀, tí ó sì ń jà fún bẹ́líìtì ìjókòó. Ẹni tí a kò dè mọ́ ìjókòó ń bá eré rẹ̀ lọ títí yóò fi kọlu gíláàsì. Àkókò tí yóò fi dúró kéré gan-an, iye tí a ó fi pín eré náà sì kéré pẹ̀lú.