Ọ̀gẹ̀dẹ̀ Kú, Ó Fọmọ Rọ́pò

Iná kú, ó feérú bojú. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ kú, ó fọmọ rọ́pò. Teslim Balógun wà lára àwọn agbábọ́ọ̀lù Nàìjíríà tó lọ figagbága ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1949, tí ọ̀pọ̀ wọn ń fẹsẹ̀ lásán gbá bọ́ọ̀lù. Ó kú ní 1972. Ní 1984 ni Ìjọba Èkó bẹ̀rẹ̀ pápá ìṣeré tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ ní Sùúrùlérè. 2007 ni wọ́n tó ṣí i. Iyì ńlá ni, ṣùgbọ́n orúkọ ara ògiri kì í kọ́ ọmọdé ní bọ́ọ̀lù. Bí a bá ń gbá bọ́ọ̀lù ìrántí akọni, owó ìwọlé ni kí a fi ra bàtà fún àwọn ọ̀dọ́, kí a sì fi sanwó olùkọ́ wọn. Àwọn ni ọmọ tí yóò rọ́pò Balógun.