Ọgbẹ́, Egbò, Àpá

Yorùbá kì í fi orúkọ kan ṣoṣo pe ohun tí ó bá ṣe ara. Ọgbẹ́ ni èyí tí irin bá dá sí ara. Egbò ni èyí tí ó kọ̀ tí kò san, tí ó ń ṣe ọyún. Àpá ni ẹ̀rí pé ó ti jinná. Ìtàn iṣẹ́ abẹ tí a fi ń gé ọmú tí jẹjẹrẹ bá mú kò ju akitiyan pé kí ọgbẹ́ di àpá láì di egbò.

Láyé àtijọ́, egbò ni ó sábà máa ń gbẹ̀yìn irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ní 1867, Joseph Lister gé ọmú Isabella, arábìnrin rẹ̀, ní Glasgow. Ó fi oògùn apakòkòrò tọ́jú ọgbẹ́ náà, ó sì jinná láìṣe ọyún. Isabella lo nǹkan bí ọdún 3 sí i láyé.

Ní Amẹ́ríkà, William Halsted tẹ ìròyìn iṣẹ́ tirẹ̀ jáde ní 1894. Ọmú, iṣan àyà àti kókó abíyá ni ó ń gé pa pọ̀. Àyà àwọn obìnrin náà a jin kòtò, apá wọn a sì wú. Halsted fúnra rẹ̀ kọ̀wé lórí apá wíwú yìí ní 1921. Ìwádìí tí Bernard Fisher àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 1971 ni ó fi hàn, nígbà tí wọ́n ròyìn rẹ̀ ní 2002, pé ẹ̀mí àwọn tí a gé púpọ̀ fún kò gùn ju ti àwọn tí a gé díẹ̀ fún lọ.

Ilé-ìwòsàn ńlá Ìdí-Àràbà, tí ó ti wà láti 1962, kò jìnnà sí Onípanu tí mò ń gbé. Síbẹ̀, mo máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn obìnrin pé bí abẹ bá ti kan jẹjẹrẹ, ó parí. Ọ̀rọ̀ yìí ní ibi tí ó ti ṣẹ̀ wá. Ẹni tí ó pẹ́ nílé ni wọ́n rí, tí ọmú rẹ̀ ti di egbò kí ó tó dé ọ̀dọ̀ oníṣègùn. Egbò ni ó ṣáájú abẹ. Abẹ kọ́ ni ó fà á.

Lóòótọ́, ọgbẹ́ iṣẹ́ abẹ ní wàhálà tirẹ̀. Omi a máa jọ sábẹ́ awọ, ìdí nìyí tí wọ́n fi ń ki rọ́bà bọ ibẹ̀ láti fà á jáde. Etí awọ lè kú, kí ó dúdú. Àtọ̀gbẹ a máa fa jíjinná sẹ́yìn. Bí ojú ọgbẹ́ bá gbóná, tí ọyún ń jáde, tàbí tí ibà dé, ilé-ìwòsàn ni kí aláìsàn padà sí lọ́jọ́ náà gan-an. Apá sì lè wú lẹ́yìn ọdún púpọ̀.

Ní 1997, Betty Anyanwu-Akeredolu, tí àrùn yìí mú rí, dá ẹgbẹ́ BRECAN sílẹ̀ kí àwọn obìnrin má baà máa fi í pa mọ́. Àwọn àgbà ní ojú àpá kò lè jọ ojú ara. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá yè nìkan ni ó ń ní àpá.