Òfin Wà Ní 1984, Kí Ló Wà Ní 2021?

Ní 1984, ìjọba ológun Muhammadu Buhari gbé Dìkíríì Nọ́mbà 4 jáde. Akọ̀ròyìn tó bá kọ ohun tó lè dójú ti òṣìṣẹ́ ìjọba yóò fẹ̀wọ̀n jura, ìbáà jẹ́ òótọ́ ló kọ. Tunde Thompson àti Nduka Irabor ti ìwé ìròyìn The Guardian ló kó sí i. Wọ́n kọ ìròyìn nípa àwọn tí ìjọba fẹ́ rán lọ ṣe aṣojú lókè òkun. Wọ́n sọ wọ́n sẹ́wọ̀n ọdún kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì bu ìtanràn ₦50,000 lé ilé-iṣẹ́ wọn. Mo kórìíra òfin yẹn dòní. Síbẹ̀, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ kà á lè kà á, kí ó sì mọ ibi tí ewu wà.

Ohun tó ń dùn mí nípa 2021 ni pé kò sí irú òfin bẹ́ẹ̀ láti kà. Buhari ti di ààrẹ alágbádá. Twitter yọ ọ̀rọ̀ kan tí ó kọ tó mẹ́nu ba ogun abẹ́lé kúrò. Kò pẹ́, lọ́jọ́ 4 oṣù kẹfà, mínísítà ètò ìròyìn, Lai Mohammed, kéde pé àwọn dá Twitter dúró ní Nàìjíríà. Ilé aṣòfin kò kọ́kọ́ jíròrò rẹ̀, adájọ́ kankan kò sì pàṣẹ rẹ̀. Àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń ta dátà fún wa ni NCC, àjọ tó ń ṣàkóso ètò ìbánisọ̀rọ̀, ní kí wọ́n dí ọ̀nà rẹ̀. Kí ilẹ̀ Sátidé tó ṣú, wọ́n ti dí i.

Aṣọ òkè ni mò ń tà ní Ìṣẹ́yìn, orí Twitter sì ni àwọn oníbàárà mi ní London ti ń rí mi nígbà náà. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi bá mi fi VPN, ètò tó ń fi ibi tí ènìyàn wà pamọ́, sórí fóònù. Bí mo ṣe jókòó ti òfì, Twitter gbà pé Netherlands ni mo wà; ìpolówó ọjà lédè Dutch ló ń yọ sí mi. Abubakar Malami, agbẹjọ́rò àgbà ìjọba, ti ní kí wọ́n gbé ẹni tó bá tàpá sí àṣẹ náà lọ sílé ẹjọ́. Mo bi lọ́yà kan pé òfin wo ni mo rú. Kò rí ọ̀kan tọ́ka sí.

Ọjọ́ 13 oṣù kìn-ín-ní 2022 ni wọ́n tó ṣí i. Lóṣù keje ọdún yẹn, ilé ẹjọ́ ECOWAS dájọ́ pé ìdádúró náà kò bófin mu, ó sì pàṣẹ pé irú rẹ̀ kò gbọdọ̀ wáyé mọ́.