Kí Ẹ Tó Gbé Kọ̀ǹpútà Tó Ń Lọ́ra Lọ Sọ́dọ̀ Alátùn-únṣe

Bí ẹ̀rọ ayárabíàṣá inú ilé bá ń rìn bí ìgbín, tí fáànù inú rẹ̀ sì ń kùn láìdákẹ́, ọ̀dọ̀ alátùn-únṣe ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń sáré gbé e lọ. Ohun tí wọ́n sì sábà máa ń gbọ́ níbẹ̀ ni pé àfi kí wọ́n fọ́ọ́màtì rẹ̀. Ẹni tí kò bá ti kó fọ́tò àti ìwé rẹ̀ pamọ́ síbòmíràn yóò pàdánù wọn. Bẹ́ẹ̀, ó lè jẹ́ ètò kan ṣoṣo ló ń gba gbogbo agbára ọpọlọ kọ̀ǹpútà náà.

Lórí Windows, ẹ tẹ Ctrl, Shift àti Esc pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà kí Task Manager lè yọ. Ẹ tẹ àkọlé CPU, ètò tó ń lo ọpọlọ ẹ̀rọ jù lọ yóò bọ́ sókè. Ẹ wò ó fún bíi ìṣẹ́jú 5 kí ẹ tó dájọ́, nítorí kò sí kọ̀ǹpútà tí nọ́ńbà rẹ̀ kì í fò sókè díẹ̀ nígbà tí a bá ṣí nǹkan. Àwọn mìíràn yóò dé abala Details, wọn yóò rí System Idle Process pẹ̀lú 95 níwájú rẹ̀, wọn yóò sì ní ọwọ́ ti tẹ ọ̀daràn. Òdìkejì rẹ̀ ni! Bí ọpọlọ kọ̀ǹpútà ṣe ń sinmi tó ni nọ́ńbà yẹn ń sọ.

Ní ilẹ̀ wa tí iná mànàmáná ti lè lọ fún ọjọ́ mélòó kan, kọ̀ǹpútà tó ti wà ní pípa fún ọ̀sẹ̀ kan yóò fẹ́ san gbogbo gbèsè rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Windows Update yóò máa wá àtúnṣe, Antimalware Service Executable yóò máa wá fáírọ́ọ̀sì, Windows Search yóò máa to àwọn fáìlì. Ẹ má pa wọ́n. Ẹ fi ẹ̀rọ náà sílẹ̀ ní títàn fún wákàtí kan tàbí méjì. Ẹni tó bá ń pa á lẹ́yìn ogún ìṣẹ́jú nítorí epo jẹnẹrétọ̀, iṣẹ́ náà yóò máa dúró dè é ni.

Bí Chrome bá ló wà lókè, ẹ tẹ Shift àti Esc nínú rẹ̀, yóò sọ ìkànnì tó ń dá wàhálà sílẹ̀. Ní 2017, Coinhive sọ ọ́ di ohun tó wọ́pọ̀ kí oníkànnì máa fi kọ̀ǹpútà àwọn àlejò rẹ̀ wa owó orí íntánẹ́ẹ̀tì. Ó kógbá sílé ní oṣù kẹta, 2019, ṣùgbọ́n ìwà náà kò tán, ayédèrú sọ́fútíwíà sì ni ọ̀nà kan tó ń gbà wọlé. Bí orúkọ ètò kan bá rú yín lójú, ẹ fi bọ́tìnnì ọ̀tún máòsì tẹ̀ ẹ́, kí ẹ yan Open file location. Inú System32 ni svchost.exe ti sábà máa ń wà. Bí ẹ bá bá a nínú Downloads, ẹ fura gidigidi, kí ẹ sì fi Windows Security yẹ gbogbo ẹ̀rọ wò.

Bí kò bá sí ètò kankan tó ń lo agbára púpọ̀, tí kọ̀ǹpútà sì gbóná, tó tún ń lọ́ra, eruku ni kí ẹ wá, pàápàá lásìkò ọyẹ́. Ọpọlọ kọ̀ǹpútà máa ń dín eré ara rẹ̀ kù bí ooru bá pọ̀ jù. Ẹ pa á, ẹ yọ ọ́ lára iná, kí ẹ fẹ́ eruku náà jáde, ṣùgbọ́n ẹ di fáànù mú kó má yí.