Aṣègbè àti Agbẹ́jọ́-Ẹnìkan-Dá: Ogun Ìjàyè, Ìwé Ìròhìn àti Tíọ́rì Àwọn Onímọ̀ nípa Ìròyìn

Láti ìgbà tí Edward Herman àti Noam Chomsky ti gbé Manufacturing Consent jáde ní 1988, ó ṣọ̀wọ́n kí a rí akẹ́kọ̀ọ́ nípa iṣẹ́ ìròyìn tí kò lè ka asẹ́ márùn-ún wọn lórí: ẹni tí ó ni iléeṣẹ́, ẹni tí ń san owó ìpolówó ọjà, ẹni tí akọ̀ròyìn ń gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀, ìyà tí alágbára lè fi jẹ oníròyìn, àti ìbẹ̀rù Kọ́múníìsì. A ti kà á, a ti tún un kà, a ti fi dáhùn ìbéèrè nínú ìdánwò, ó sì ti mọ́ wa lára débi pé bí ìròyìn kan bá ti wọ́ sí apá kan báyìí, orúkọ olówó tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ ni a kọ́kọ́ ń béèrè. Èmi kò sọ pé ìbéèrè náà kò dára. Ohun tí mo ń sọ ni pé òun kọ́ ni ó yẹ kí ó ṣíwájú, àti pé ọ̀ràn kan wà nílẹ̀ Yorùbá níhìn-ín, tí ó ti lé ní 150 ọdún, tí àwọn òpìtàn wa ti rò kínníkínní, ṣùgbọ́n tí n kò tíì rí ẹni tí ó pè é wá jẹ́rìí níwájú àwọn onímọ̀ wọ̀nyí. Bí ó bá sì jẹ́rìí, ẹ̀rí rẹ̀ kò ní gbè wọ́n.

Ní ọdún 1859 ni Henry Townsend, òyìnbó ajíhìnrere ìjọ CMS (Church Missionary Society), bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ Ìwé Ìròhìn fún Àwọn Ará Ẹ̀gbá àti Yorùbá ní Abẹ́òkúta, ìlú àwọn ọmọ Lísàbí, lábẹ́ Olúmọ. Ní ọdún kan náà ni Aláàfin Àtìbà wàjà, tí Adélù Àrẹ̀mọ rẹ̀ gorí ìtẹ́ dípò kí ó bá baba rẹ̀ lọ gẹ́gẹ́ bí àṣà àtijọ́, tí Kúrunmí, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò ní Ìjàyè, sì fẹsẹ̀ rinlẹ̀ pé òun kò ní tẹrí ba fún un. Ìbàdàn Mesí Ọ̀gọ̀, ilé Olúyọ̀lé, dúró ti Aláàfin. Nígbà tí ogun bẹ́ ní 1860, àwọn Ẹ̀gbá kó ogun tiwọn jáde láti ran Ìjàyè lọ́wọ́. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹta 1862, Ìjàyè fọ́. Mo sáré kọjá níbí nítorí pé Samuel Johnson òpìtàn ti sọ ọ́ ju bí èmi ti lè sọ ọ́ lọ, àti nítorí pé ogun náà fúnra rẹ̀ kọ́ ni mo wá wí.

Ohun tí mo wá wí ni èyí: nígbà tí ogun yìí ń jà, ìjọ CMS kan náà ni ó ní òjíṣẹ́ ní ìlú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Townsend wà ní Abẹ́òkúta, Adolphus Mann wà ní Ìjàyè, David Hinderer àti Anna aya rẹ̀ sì wà ní Ìbàdàn. Àpò kan ni owó tí wọ́n ń ná ti ń jáde. Henry Venn, akọ̀wé ìjọ náà ní Lọ́ńdọ̀nù, ni ọ̀gá gbogbo wọn. Bíbélì kan ni wọ́n ń wàásù rẹ̀. Síbẹ̀síbẹ̀, Townsend dúró lẹ́yìn Ẹ̀gbá, Hinderer sì rí àre lọ́dọ̀ Ìbàdàn, ìyapa náà sì hàn tó bẹ́ẹ̀ tí J. F. Ade Ajayi kò fi lè fò ó dá nínú ìwé rẹ̀ ti 1965 lórí àwọn ìjọ ajíhìnrere. Bí ó bá jẹ́ pé olówó ni í yí ìròyìn, báwo ni olówó kan ṣoṣo ṣe wá bí ìròyìn méjì tí wọ́n ń na ìka ìbáwí sí ara wọn?

Níbi tí ọ̀rọ̀ dé yìí ni ìyàtọ̀ kan tí àwọn baba wa mọ̀ dunjú ti wúlò fún wa. Nínú ìdájọ́ wọn, aṣègbè yàtọ̀ sí agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá. Aṣègbè ti gbọ́ tọ̀tún tòsì. Ó mọ ibi tí òtítọ́ fi sí, ó sì mọ̀ọ́mọ̀ gbé ẹ̀bi fún aláre, yálà nítorí ẹ̀bùn, tàbí nítorí pé ẹlẹ́bi jẹ́ ìbátan rẹ̀, tàbí nítorí ẹ̀rù ẹni tí ó jù ú lọ. Agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá kò gba ẹ̀bùn, kò sì bẹ̀rù ẹnikẹ́ni. Ẹjọ́ kan ṣoṣo ni ó dé etí rẹ̀, ó sì fi èyí tí ó gbọ́ dájọ́ pẹ̀lú ọkàn mímọ́. Bẹ́ẹ̀ ni òwe kò yọ ọ́ sílẹ̀ nítorí mímọ́ ọkàn rẹ̀: àgbà òṣìkà ni ó pè é.

Ẹ jẹ́ kí n dúró lórí ìyàtọ̀ yìí díẹ̀ sí i, nítorí pé bí a bá fi í ṣeré, gbogbo ohun tí ó tẹ̀ lé e yóò dàrú mọ́ wa lọ́wọ́. Èkíní ni pé irọ́ aṣègbè ní ojú ìránṣọ. Nítorí pé ó mọ ohun tí ó ń fi pa mọ́, ọ̀rọ̀ rẹ̀ a máa yẹra fún ibì kan, bí a bá sì bi í léèrè níbẹ̀ gan-an, ahọ́n rẹ̀ a lọ́. Ẹni tí ó gbọ́ ẹjọ́ ẹnìkan kò yẹra fún ohunkóhun; ẹ fún un ní ọ̀bẹ kí ó fi Ògún búra, yóò búra, Ògún kò sì ní pa á, nítorí òtítọ́ ni ó ń sọ bí ó ti mọ. Èkejì sì jinlẹ̀ ju èyí lọ: ìwòsàn wọn kò dọ́gba. A lè yọ aṣègbè nípò, a lè bu owó ìtanràn lé e, a lè fi olóòótọ́ rọ́pò rẹ̀, ọ̀ràn a sì gún. Ṣùgbọ́n bí a bá yọ agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, tí a sì fi olóòótọ́ jù lọ ní gbogbo ayé jókòó sórí àga rẹ̀, níwọ̀n ìgbà tí ẹnì kejì kò bá lè dé àgbàlá láti rojọ́, ìdájọ́ àná náà ni a ó gbọ́ ní ọ̀la. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ń lépa olówó níbi tí ọ̀nà ti dí ń fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ ni, ó ń pa làpálàpá.

Ọ̀nà sì dí lóòótọ́. Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú dí ọ̀nà tí ó ti etí òkun wọ Ìbàdàn, tí ìbọn, ẹ̀tù, iyọ̀ àti ohun gbogbo kò fi lè kọjá. Àwọn Hinderer tí wọ́n wà nínú ìlú kò rí owó gbà láti ọ̀dọ̀ ìjọ wọn mọ́. Ìyáàfin Hinderer, tí a bí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bẹ̀rẹ̀ sí í kó ohun èlò inú ilé rẹ̀ tà lọ́kọ̀ọ̀kan kí ó lè rí owó ẹyọ fi ra iṣu àti ẹ̀wà fún ara rẹ̀ àti àwọn ọmọ tí ó ń tọ́, ìyà náà sì pẹ́ títí di 1865 tí Glover, tí ó ń ṣe àkóso Èkó nígbà náà, fi rán ènìyàn gba ilẹ̀ Ìjẹ̀bú kọjá lọ mú un wá sí Èkó. Bí owó ìjọ kò bá lè ti Abẹ́òkúta wọ Ìbàdàn, ọ̀rọ̀ wo ni yóò ti Ìbàdàn wọ Abẹ́òkúta, kí ó sì dé orí tábìlì ìtẹ̀wé Townsend láìfarapa? Àwọn tí wọ́n dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ọmọ ogun Ẹ̀gbá tí ó fara gbọgbẹ́, olóyè Ẹ̀gbá tí ó ń ṣe àlàyé ìgbìmọ̀, àti ìsáǹsá Ìjàyè tí ilé rẹ̀ ti jóná. Ó gbọ́ wọn, ó sì gbà wọ́n gbọ́. Ènìyàn rere ni yóò ṣe bẹ́ẹ̀.

Ẹlòmíràn yóò sọ pé Herman àti Chomsky ti rí èyí nínú asẹ́ wọn kẹta, tí ó jẹ mọ́ ẹni tí a ń gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Bóyá. Ṣùgbọ́n lójú tiwọn, akọ̀ròyìn a máa gbára lé ìjọba àti iléeṣẹ́ ńláńlá nítorí pé ọ̀rọ̀ wọn wà ní sẹpẹ́, kò sì náni lówó. Ó ní ibòmíràn tí ó ì bá lọ, kò lọ ni. Townsend kò ní ibòmíràn. Àìlọ àti àìlèlọ kì í ṣe ohun kan náà, ó sì yà mí lẹ́nu pé àwọn tí wọ́n gbọ́n tó báyìí fi méjèèjì sínú àpò kan.

Àtakò tí ó le jù ni pé Townsend kì í ṣe àjèjì sí ọ̀ràn ìṣèlú Ẹ̀gbá. Ó ti ń gbé Abẹ́òkúta láti 1846, ó sì máa ń bá àwọn olóyè ìlú kọ lẹ́tà wọn sí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Ta ni yóò pe irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá lásán? Mo gbà pé ìfẹ́ Ẹ̀gbá wà nínú rẹ̀. Síbẹ̀, ẹ wo ibi tí lẹ́tà ń lọ: Hinderer kọ tirẹ̀ sí Lọ́ńdọ̀nù, Townsend kọ tirẹ̀ sí Lọ́ńdọ̀nù, Mann náà kọ tirẹ̀ síbẹ̀. Ibi tí a ti lè gbọ́ ẹjọ́ tọ̀tún tòsì lórí ogun Ìjàyè ni ọ́fíìsì Henry Venn ní Salisbury Square, ẹni tí ó sì jókòó níbẹ̀ kò ra Ìwé Ìròhìn ní ọjà Abẹ́òkúta, kò sì ní ọmọ lójú ogun. Àwọn tí wọ́n rà á, tí ọmọ wọn ń kú ní Ìjàyè, ẹjọ́ ẹnìkan ni wọ́n rà. Mo ka ọ̀ràn yìí sí èyí tí ó ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo ohun tí mo ní láti sọ. Ẹ rántí pẹ̀lú pé nígbà Ifọ́lé ní 1867, àwọn Ẹ̀gbá kan náà ni wọ́n lé àwọn òyìnbó jáde, tí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé náà bàjẹ́ tí Ìwé Ìròhìn sì kú. Kì í ṣe bí a ti ń ṣe sí aṣègbè tí a fowó rà nìyẹn.

Mo yípadà sí Walter Lippmann, nítorí pé òun ni ó sún mọ́ òtítọ́ jù, òun náà ni ó sì já mi kulẹ̀ jù. Nínú Public Opinion, tí ó jáde ní 1922, ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú erékùṣù kan tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì, Faransé àti Jámánì jọ ń gbé ní 1914, tí ọkọ̀ ojú omi kì í mú lẹ́tà dé àfi lẹ́ẹ̀kan ní 60 ọjọ́. Fún ọ̀sẹ̀ tí ó lé ní mẹ́fà ni wọ́n fi jọ ń ṣe ọ̀rẹ́ nígbà tí orílẹ̀-èdè wọn ti di ọ̀tá ara wọn. Ta ni ó tún lè rí agbára ọ̀nà ju bẹ́ẹ̀ lọ? Ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí ó fi kúrò lórí ọkọ̀ lẹ́tà, ó wọ inú orí ènìyàn lọ, ó ń wá àwòrán tí ó wà níbẹ̀. Ohun kan náà ni òun àti Charles Merz ti ṣe ní 1920, nígbà tí wọ́n yẹ ìròyìn New York Times lórí Rọ́ṣíà wò láti oṣù Kẹta 1917 títí di oṣù Kẹta 1920, tí wọ́n rí i pé ìgbà 91 ni ìwé náà ti sọ pé ìjọba Bolshevik ti ṣubú tàbí pé ó ń ṣubú lọ. Wọ́n di ẹ̀bi náà ru ìfẹ́ inú àti ìbẹ̀rù àwọn akọ̀ròyìn pẹ̀lú olóòtú wọn. Èmi yóò kọ́kọ́ béèrè pé nínú ìròyìn 91 wọ̀nyí, mélòó ni a kọ láti inú Rọ́ṣíà, mélòó ni a kọ láti ìlú tí àwọn tí wọ́n sá kúrò níbẹ̀ kún inú rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí àwọn ará Ìjàyè ti kún Abẹ́òkúta?

Mo rí i pé ọ̀nà kékeré kan ṣí sílẹ̀ níbí, n kò sì lè ṣàìyà síbẹ̀. Barry Hallen àti J. Olubi Sodipo, nínú ìwé tí wọ́n kọ ní 1986 lẹ́yìn tí wọ́n ti bá àwọn oníṣègùn Èkìtì sọ̀rọ̀, sọ pé lójú àwọn àgbà wọ̀nyí ohun tí ènìyàn fi ojú ara rẹ̀ rí nìkan ni ìmọ̀, ìgbàgbọ́ sì ni ohun tí a gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn. Òwe gbè wọ́n, nítorí ìròyìn kò tó àfojúbà. Ṣùgbọ́n bí a bá dúró síbẹ̀, Townsend àti Hinderer di ọgba, ìwé ìròyìn rere àti búburú sì di ìgbàgbọ́ kan náà, èyí tí n kò rò pé oníṣègùn kan yóò gbà fún wa. Ìgbàgbọ́ tí ó gba àríyànjiyàn kọjá kò lè dọ́gba pẹ̀lú èyí tí ẹnikẹ́ni kò tíì bi léèrè. Ẹni tí ó bá fẹ́ kọ fìlọ́sọ́fì ìròyìn ní èdè wa, ibẹ̀ ni kí ó ti bẹ̀rẹ̀.

Nípa ti rédíò, tẹlifíṣọ̀n àti fóònù òde òní, díẹ̀ ni mo ní láti sọ. Facebook àti irú rẹ̀ kò dí ọ̀nà pẹ̀lú ìbọn, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tí ó ń yan ohun tí ẹnì kọ̀ọ̀kan yóò rí lè kó àwọn tí èrò wọn jọra sínú odi kan náà, débi pé nígbà mìíràn ẹjọ́ ẹnì kejì kì í dé etí wọn àfi nípasẹ̀ ẹni tí ó kórìíra rẹ̀. Mo fẹ́ sọ ọ́ láìfi bò pé ìwọ́ sápá kan tí a ń rí nínú ìròyìn lónìí, èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀ jẹ́ ti agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, kì í ṣe ti aṣègbè, àti pé òfin tí ń lépa olówó nìkan kò ní tún un ṣe.

Ó ku iṣẹ́ kan tí kò yẹ kí a fi sílẹ̀. Johnson, tí a bí ní 1846, wà ní ọmọdé ní Ìbàdàn nígbà ogun náà, lábẹ́ ìtọ́jú Hinderer. Ìwé ìtàn tí ó parí ní 1897, tí Obadiah àbúrò rẹ̀ tún kọ, tí a sì tẹ̀ jáde ní 1921, ni a fi ń kọ́ ọmọ wa títí di òní. Bí Townsend bá gbọ́ ẹjọ́ Ẹ̀gbá nìkan, inú odi kejì ni Johnson dàgbà sí, a kò sì lè fi tirẹ̀ ṣe òṣùwọ̀n tí a ó fi wọn Townsend. Kí a tẹ́ àwọn Ìwé Ìròhìn ọdún 1860 sí 1862 sílẹ̀, kí a tẹ́ orí ìwé Johnson lórí Ìjàyè sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí a sì kó lẹ́tà Hinderer àti ti Mann tí CMS pa mọ́ síwájú méjèèjì, kí a máa kà wọ́n ní ọ̀sẹ̀ sí ọ̀sẹ̀. Bí a bá rí i pé Townsend mọ ohun tí Ìbàdàn ń sọ kí ó tó kọ tirẹ̀, aṣègbè ni, Herman àti Chomsky jàre mi. Títí di ìgbà náà, ẹnu ọ̀nà tí ó dí ni mo fi ẹ̀bi sí.