Ọ̀gá Nínú Iṣẹ́ Ìpolówó Ọjà

Ẹ̀yìn ìyá ni ọmọ ti ń kọ́ ìpolówó ọjà láyé àtijọ́. Nígbà tí wọ́n dá iléeṣẹ́ West African Publicity sílẹ̀ ní Èkó ní 1928, iṣẹ́ náà di ti ọ́fíìsì, ṣùgbọ́n kò kúrò ní ẹ̀kọ́ṣẹ́. Ilé Grant ni Bíọ́dún Ṣóbánjọ wà kí òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ tó dá Insight sílẹ̀ ní 1980; Insight ni Udeme Ufot náà wà kí SO&U tó bẹ̀rẹ̀ ní 1990. Lójú tèmi, ìwé kò lè ṣe iṣẹ́ ọ̀gá tí ń fa igi lé gbólóhùn tí ó dùn létí ṣùgbọ́n tí kò ní ta ọjà. Iṣẹ́ ìfara-ẹni-jìn ni, nítorí ọmọṣẹ́ òní ni yóò bá a du oníbàárà lọ́la.